Ọkọ̀ Òfurufú “Black Prince” àti Akin Shenbanjo: Ìtàn Ọkọ̀ Ajubọ́m̀bù Kan àti Àwọn Tí Ó Gbé

I. Ogun ilé àti ogun òkèèrè

Bí a bá mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ogun láàárín àwọn ará Ìbà, Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, ogun Jálumi ni ọkàn àwọn àgbà kọ́kọ́ ń lọ sí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù November ọdún 1878 ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn, tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n jẹ́ olórí wọn, pàdé ogun Ìlọrin àti ti àwọn tí ó bá Ìlọrin dìmọ̀lù ní agbègbè Ìkìrun. Wọ́n lé àwọn ará Ìlọrin títí wọ́n fi já lu omi Ọ̀tìn, omi sì gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lọ. Lẹ́yìn ogun náà ni àwọn ará Òkukù, tí wọ́n ti ń gbé Ìkìrun gẹ́gẹ́ bí ogúnléndé, rí àyè padà sí ìlú wọn. Ìtàn yìí kò parun, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ogun náà ni a fi sọ ogun náà lórúkọ, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí ó jà á sì ń gbọ́ orúkọ baba wọn nínú oríkì títí di òní.

Ṣùgbọ́n ogun mìíràn wà tí àwọn ọmọ Yorùbá jà, tí kò sí akéwì tàbí onírárà kan tí ó wà níbẹ̀, nítorí pé ojú ọ̀run ni a ti jà á, ní òru, ní ìlú òkèèrè. Ogun Hitler ni a ń wí, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1939 tí ó sì parí ní 1945. Ní agbègbè tiwa, ohun tí a fi mọ ogun náà ni iyọ̀ tí ó wọ́n, àti èkùrọ́. Lẹ́yìn tí àwọn ará Japan gba ilẹ̀ Malaya ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1942, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò rí epo àti ekùrọ́ ìhà ibẹ̀ rà mọ́, nítorí náà wọ́n ké sí wa pé kí a pa èkùrọ́ sí i. Tọmọdé tàgbà ni ó ń pa á, ọkọ̀ ojú irin sì ń kó o gba Òṣogbo lọ sí Èkó. A tún fi ogun náà mọ àwọn ọmọkùnrin wa tí ó wọ iṣẹ́ ológun, tí ọkọ̀ ojú omi sì gbé lọ sí Burma pẹ̀lú Ẹgbẹ́ Ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àwọn wọ̀nyí ni a mọ̀ dáradára. Àwọn tí ó fò ni a kò mọ̀ tó.

Nítorí náà ni a ṣe kọ ìwé kékeré yìí. A fẹ́ sọ ìtàn ọkọ̀ òfurufú ajubọ́m̀bù kan, tí orúkọ tí a kọ sí iwájú rẹ̀ jẹ́ ọlá fún ọmọ Yorùbá kan, Akin Shenbanjo. A sì fẹ́ fi hàn pé bí kì í bá ṣe orúkọ náà, bóyá ni ẹnikẹ́ni ì bá tún máa rántí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a kò ti rántí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn bí ó ti tọ́.

II. Ìlẹ̀kùn tí a ti, tí a sì ṣí

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìwọ̀n ọlá tí ó wà nínú orúkọ náà, ó ní láti kọ́kọ́ mọ bí ìlẹ̀kùn iṣẹ́ náà ti rí tẹ́lẹ̀. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, òfin àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni pé ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ funfun láti Yúróòpù nìkan ni a lè fi ṣe ọ́físà. Ìwé kíkà kò lè mú ọ̀nà yìí là fún aláwọ̀ dúdú, bẹ́ẹ̀ ni owó bàbá rẹ̀ kò lè mú un là, bẹ́ẹ̀ ni ìgboyà pẹ̀lú kò lè ṣe é.

Àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní London kò dákẹ́. Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, ti bá àwọn ẹlòmíràn dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní 1925, èyí tí a mọ̀ sí WASU. Ẹgbẹ́ náà, àti ẹgbẹ́ tí oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Harold Moody jẹ́ olórí rẹ̀, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ Jamaica àti onígbàgbọ́ tòótọ́, gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ìjọba. Wọ́n béèrè bí ó ti ṣe lè rí bẹ́ẹ̀ pé a ń ké sí gbogbo ọmọ ilẹ̀ ọba láti bá ẹni tí ń gbéra ga nítorí ẹ̀yà jà, tí a sì tún ń fi ẹ̀yà ya àwọn ajagun fúnra wọn sọ́tọ̀. Ní October 1939 ni ìjọba kéde pé, níwọ̀n ìgbà tí ogun bá ṣì wà, a óò gba àwọn ọmọ ilẹ̀ àmọ́nà láàyè láti di ọ́físà láì wo àwọ̀ wọn. Ẹ kíyè sí i pé “níwọ̀n ìgbà tí ogun bá ṣì wà” ni wọ́n wí. Àìní ni ó ṣí ìlẹ̀kùn náà.

Àwọn tí ó gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láti di ẹni tí ń fò kò pọ̀: wọn kò ju bí 50 lọ. Lára wọn ni Peter Adéníyì Thomas, ọmọ oníṣòwò pàtàkì ní Èkó, Peter John Claudius Thomas, àti àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n fún Stella Thomas, ẹni tí ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ adájọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní 1943. Peter Thomas ni a kà sí ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó di awakọ̀ òfurufú àti ọ́físà nínú Ẹgbẹ́ Ogun Òfurufú Ọba, èyí tí a ń pè ní RAF. Lára wọn náà sì ni Akin Shenbanjo.

III. Ọkọ̀ Halifax àti Ẹgbẹ́ 76

Ẹgbẹ́ tí Shenbanjo bá fò ni Ẹgbẹ́ 76 nínú RAF, tí ń bẹ ní ìhà Yorkshire, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní May 1941 ni a tún ẹgbẹ́ yìí dá sílẹ̀ láti máa fi ọkọ̀ Halifax jagun. Láti August 1942 títí di April 1943, Leonard Cheshire ni ó ṣe olórí rẹ̀, ẹni tí ó gba àmì ẹ̀yẹ Victoria Cross lẹ́yìn èyí, tí ó sì lo ìyókù ayé rẹ̀ láti kọ́ ilé ìtọ́jú fún àwọn abirùn. Àwọn ilé wọ̀nyí sì dé Nàìjíríà pẹ̀lú. Ní June 1943 ni ẹgbẹ́ náà ṣí lọ sí pápá ọkọ̀ tí ó wà ní Holme-on-Spalding Moor. Níbẹ̀ ni wọ́n wà títí ogun fi parí ní Yúróòpù.

Ilé iṣẹ́ Handley Page ni ó ṣe ọkọ̀ Halifax, èyí àkọ́kọ́ sì fò ní October 1939. Àwọn tí a ṣe lé ní 6,000 kí iṣẹ́ náà tó parí. Ẹ̀rọ mẹ́rin ni ó wà lára ìyẹ́ rẹ̀, ìyẹ́ náà láti ìkángun kan dé èkejì sì tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 100, bí ó ti lè dí ojú ọ̀nà ìlú kan pátápátá. Ìwọ̀n bọ́m̀bù tí ó lè gbé lẹ́ẹ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù 6. Àwọn Halifax ìṣáájú ní àléébù: wọn kò lè gòkè tó, wọn kò sì yára tó, nítorí náà àwọn ọ̀tá máa ń rí wọn mú. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944, Ẹgbẹ́ 76 gba irú kẹta, tí a fi ẹ̀rọ Hercules tí ó lágbára jù sí, ìrètí àwọn tí ń wà á sì dàgbà.

Àwọn méje ni ó máa ń wà nínú ọkọ̀ kan. Èkínní ni awakọ̀, òun sì ni olórí wọn, ì báà jẹ́ pé ẹni tí oyè rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ wà nínú ọkọ̀. Èkejì ni ẹni tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ àti epo. Ẹ̀kẹta ni atọ́nà, tí ń fi máàpù àti ìṣirò mọ ibi tí wọ́n dé nínú òkùnkùn. Ẹ̀kẹrin ni ẹni tí ń dojú bolẹ̀ ní imú ọkọ̀ láti ju bọ́m̀bù. Ẹ̀karùn-ún ni atẹ-wáyà. Ẹ̀kẹfà àti ìkeje ni àwọn oníbọn, ọ̀kan ní àárín ẹ̀yìn ọkọ̀, èkejì ní ìrù rẹ̀, nínú òtútù àti ìdánìkanwà.

Bí àwọn méje wọ̀nyí ti ń di ọ̀kan yẹ kí a kíyè sí i. Àwọn aláṣẹ kì í yàn wọ́n fún ara wọn. Àṣà RAF ni láti kó gbogbo àwọn tí ó ti kọ́ iṣẹ́ wọn tán jọ sínú ilé ńlá kan, kí wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ kí olúkúlùkù yan ẹni tí ó fẹ́ bá fò. Lẹ́yìn náà ni a óò fi ẹni tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ àti oníbọn kejì kún wọn. Ẹni tí o bá yàn ní ọjọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ wà láti ìgbà náà lọ. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn ilẹ̀ àmọ́nà mìíràn bá gba ọmọ Áfíríkà kan sínú ọkọ̀ wọn, kì í ṣe nítorí àánú tàbí nítorí àṣẹ. Wọ́n gbà pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ẹni tí ó sì fẹ́ fi ọwọ́ sọ̀yà kì í yan ìka tí ó rọ.

IV. Iṣẹ́ ẹni tí ó jókòó nídìí wáyà

Akin Shenbanjo ni atẹ-wáyà nínú ọkọ̀ tiwọn. Nínú Halifax, ìjókòó atẹ-wáyà wà ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ awakọ̀ gan-an, níwájú ọkọ̀. Ẹ̀rọ Marconi méjì ni ó wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan tí ń gba ọ̀rọ̀, èkejì tí ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Wáyà aláìlókùn ni, tí ń sọ̀rọ̀ ní àmì Morse, ìró kúkúrú àti ìró gígùn.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà lè rò pé ó rọrùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò nílé, atẹ-wáyà kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ bí ó ti wù ú, nítorí pé etí àwọn ará Jámánì wà nílẹ̀, wọn yóò sì mọ ibi tí ọkọ̀ náà wà. Gbígbọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní àkókò tí a dá, ó ní láti gba ọ̀rọ̀ láti ilé, láàárín ariwo ẹ̀rọ mẹ́rin àti ariwo tí àwọn ọ̀tá ń mọ̀ọ́mọ̀ fi da ọ̀rọ̀ náà rú. Bí àṣẹ bá dé pé kí gbogbo ọkọ̀ padà, tí òun kò sì gbọ́ ọ, ọkọ̀ tirẹ̀ nìkan ni yóò máa lọ sínú ewu. Bí a bá fi ìròyìn nípa bí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ránṣẹ́, tí ó sì gbà á ṣì, atọ́nà yóò ṣi ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n bá ń padà bọ̀, tí ìkùukùu bo ilẹ̀ tí epo sì ń tán lọ, òun ni yóò béèrè ọ̀nà láti ilé. Bí ọkọ̀ bá sì fẹ́ já sínú òkun, òun ni ó gbọ́dọ̀ jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ títí di ìṣẹ́jú ìkẹyìn, kí ó máa tẹ̀ ẹ́ kí àwọn olùgbàlà lè mọ ibi tí wọn yóò wá wọn sí.

Ẹ jẹ́ kí a ro èyí wò. Ọmọ ilẹ̀ tí oòrùn ti ń mú, tí ó ga sókè ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 18,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, níbi tí ènìyàn kò lè mí àfi bí ó bá fi ìbòjú gba afẹ́fẹ́ láti inú àgbá. Òtútù ibẹ̀ lè bó ara ọwọ́ tí a bá fi kan irin láìwọ ìbọ̀wọ́. Wákàtí 6, 7, tàbí 8 ni wọ́n lè lò lójú ọ̀run ní òru kan. Àwọn ọkọ̀ ọ̀tá tí ń ṣọdẹ lóru ní ìbọn tí ó kọjú sókè, tí wọn yóò fi yọ́ wá sábẹ́ ọkọ̀ ajubọ́m̀bù níbi tí kò ti sí ojú tí yóò rí wọn. Ọ̀pọ̀ ni ó kú láì mọ ohun tí ó pa wọ́n.

Ìgbà 30 ni a ń retí pé kí ọkùnrin kan lọ sójú ogun báyìí kí a tó fún un ní ìsinmi. Nínú àwọn bí 125,000 tí ó bá àwọn ọkọ̀ ajubọ́m̀bù Gẹ̀ẹ́sì fò láti 1939 sí 1945, 55,573 ni ó kú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo wọn. Kò sí ẹgbẹ́ ńlá mìíràn nínú ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ikú jẹ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1944, àwọn Halifax Ẹgbẹ́ 76 lọ sí Berlin nínú òtútù oyé. Wọ́n lọ ju bọ́m̀bù sí ojú irin àwọn ará Jámánì ní Faransé. Ní òru tí ó ṣáájú ọjọ́ kẹfà oṣù June, tí àwọn ọmọ ogun wa gúnlẹ̀ ní etí òkun Normandy, wọ́n lọ kọlu àwọn ìbọn ńlá tí ń ṣọ́ etí òkun náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kọjú sí àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe epo ọkọ̀ fún Jámánì. Inú irú iṣẹ́ báyìí ni Shenbanjo ti gba àmì ẹ̀yẹ Distinguished Flying Cross, tí a dá sílẹ̀ ní 1918 láti fi yẹ àwọn ọ́físà sí fún ìgboyà níwájú ọ̀tá lójú ọ̀run. A kì í fi í ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ.

V. Orúkọ tí a kọ sí iwájú ọkọ̀

Nígbà ogun náà, àwọn tí ń fò máa ń ya àwòrán tàbí kí wọ́n kọ orúkọ sí imú ọkọ̀ wọn. Ẹlòmíràn a kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀, ẹlòmíràn a ya ẹranko. Àwọn ẹgbẹ́ Shenbanjo kọ ti wọn báyìí: “Achtung! The Black Prince”. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́.

Orúkọ náà ní ẹ̀ka méjì, ó sì yẹ kí àwọn olùkọ́ wa lè ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ. “Achtung” jẹ́ èdè Jámánì, ìtumọ̀ rẹ̀ ni “Ẹ kíyè sára!” Ìkìlọ̀ ni, tí wọ́n fi èdè ọ̀tá pàápàá kọ. Ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ni pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Àwọn méje wọ̀nyí sì fi àwàdà ké sí ọ̀tá pé kí ó gbọ́n, nítorí pé ẹni tí ń bọ̀ kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. “The Black Prince”, èyíinì ni “Ọmọ Ọba Dúdú”, jẹ́ orúkọ ìnagijẹ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún Edward, àrẹ̀mọ Ọba Edward Kẹta, tí a bí ní 1330 tí ó sì kú ní 1376. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tí ó jà ní Crécy ní 1346, òun ni ó sì mú ọba Faransé lóǹdè ní Poitiers ní 1356. Gbogbo ọmọ ilé ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó mọ orúkọ náà gẹ́gẹ́ bí orúkọ akọni. Nítorí náà, àwọn ẹgbẹ́ Shenbanjo mú orúkọ ọ̀kan nínú àwọn jagunjagun ńlá ilẹ̀ wọn, wọ́n sì fi fún ọmọ ilẹ̀ wa.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ lórí èyí. Àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe àwàdà náà, kò sì sí ìgbà tí a lè gbàgbé pé àwọ̀ kan náà ni òfin fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ irú rẹ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ẹlòmíràn lè wí pé àwàdà ni àwàdà ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fi ènìyàn ṣẹ̀sín kì í kọ ẹ̀sín náà sára ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ yóò wọ̀ lọ sí ojú ikú. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kọ ọ́ síbi tí gbogbo pápá lè ti rí i, wọ́n dúró tì í, a sì ya àwòrán wọn. Ohun tí ó ti jẹ́ ìdí ìkọ̀sílẹ̀ ni wọ́n sọ di oríkì.

Síbẹ̀, ọmọ Yorùbá tí ó bá ka orúkọ náà yóò rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò yẹ kí wọ́n rìn jìnnà dé Crécy láti wá orúkọ akọni fún ọ̀rẹ́ wọn. Àwọn òbí rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Akin ní ọjọ́ ìkómọ, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ọkọ̀ ń fò lóru. Orúkọ tí ó yẹ ọkọ̀ náà ti wà lẹ́nu wọn lójoojúmọ́, wọn kò kàn mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi orúkọ mìíràn wé e. Nígbà ogun náà, àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì dá owó láti fi ra ọkọ̀ òfurufú, a sì fi orúkọ ilẹ̀ wọn fún ẹgbẹ́ ọkọ̀. Nípa báyìí ni Ẹgbẹ́ 91, tí ń fi Spitfire jà, ṣe ń jẹ́ ẹgbẹ́ “Nigeria”, tí Ẹgbẹ́ 218, tí ó jẹ́ ti ajubọ́m̀bù, sì ń jẹ́ “Gold Coast”. Ọlá ni èyí pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ tálákà ilẹ̀ yìí ni ó sì dá sísì rẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n owó ni ó ra orúkọ wọ̀nyẹn. Orúkọ tí ó wà ní imú ọkọ̀ Ẹgbẹ́ 76, iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan ni ó rà á.

VI. Àwọn tí kò padà

Kì í ṣe gbogbo àwọn ọmọ wa ni ó padà, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó rí ẹni kọ orúkọ wọn sí ibì kan tí ojú lè rí.

Ní òru ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù March 1944, àwọn ọkọ̀ ajubọ́m̀bù Gẹ̀ẹ́sì 795 dìde láti lọ kọlu ìlú Nuremberg. Òṣùpá mọ́lẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn ọ̀tá sì dúró dè wọ́n lójú ọ̀nà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkọ̀ 95 ni kò padà. Kò sí òru mìíràn nínú gbogbo ogun náà tí àwọn ajubọ́m̀bù Gẹ̀ẹ́sì pàdánù tó bẹ́ẹ̀. Nínú Lancaster kan ti Ẹgbẹ́ 156, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ń ṣáájú láti tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú ibi tí a óò kọlù, ni Bánkọ́lé Vivour wà, ọmọ Èkó, láti inú ìdílé Sàró tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì ní ìlú náà. Ó bá a lọ ní òru náà. Peter Thomas pẹ̀lú, awakọ̀ tí a mẹ́nu kàn lókè, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní Wales ní January 1945, nígbà tí ogun kò ju oṣù díẹ̀ lọ mọ́ kí ó parí.

Ẹlòmíràn tí ó yẹ kí a rántí ni John Smythe ti Freetown, ìlú tí ọ̀pọ̀ àwọn Sàró wa ti wá. Atọ́nà ni nínú ọkọ̀ Stirling ti Ẹgbẹ́ 623. Ó ti lọ sójú ogun ní ìgbà 27. Ní ìgbà kejìdínlọ́gbọ̀n, ní November 1943, àwọn ọ̀tá já ọkọ̀ wọn. Bí ó ti fara gbọgbẹ́ tó, ó fi agbòòrùn ńlá bọ́ sílẹ̀, ó sá pamọ́ sínú abà kan, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti mú un. Ó wà ní ẹ̀wọ̀n ní Barth ní Jámánì títí ogun fi parí. Lẹ́yìn náà ni ó kọ́ ìmọ̀ òfin, ó sì di Agbẹjọ́rò Àgbà fún ilẹ̀ Sierra Leone. Ó kú ní 1996. Àwọn ará ibẹ̀ kò gbàgbé rẹ̀, nítorí pé ó pẹ́ láyé, ó sì sọ ìtàn ara rẹ̀.

VII. Àwọn tí ó wà nísàlẹ̀

A kò lè parí ìtàn ọkọ̀ ajubọ́m̀bù láì sọ ti ibi tí bọ́m̀bù ń bọ́ sí. Àwa tí ń ka ìwé yìí jẹ́ ọmọ ìjọ, a kò sì gbọdọ̀ yin akọni kí a sì di ojú sí ohun tí ogun ṣe. Ní July 1943, bọ́m̀bù àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá iná sílẹ̀ ní ìlú Hamburg, iná tí ó di ìjì. Àwọn tí ó kú lé ní 30,000, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin, arúgbó àti ọmọdé. Àwọn Halifax wà lára àwọn ọkọ̀ tí ó lọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù February 1944, nígbà tí irú ìkọlù yìí ṣì ń lọ, Bíṣọ́ọ̀pù George Bell ti Chichester dìde nínú Ilé Àwọn Olóyè ní London, ó sì béèrè lọ́wọ́ ìjọba ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní láti máa sun odidi ìlú. Ọ̀rẹ́ Hitler kọ́ ni Bell. Ó ti gbèjà àwọn tí Hitler ń ni lára kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bínú sí i. Ṣùgbọ́n ó sọ ohun tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ rán an.

Báwo ni a ó ti ṣe di ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí mú? A rò pé báyìí ni: àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ kọ́ ni ó yan ìlú tí wọn yóò lọ, ìjọba ni ó yàn án, ìjọba ni yóò sì dáhùn fún un. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ àwọn méje náà ni kí wọ́n má ṣe já ara wọn kulẹ̀. Hitler ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ogun tó dé pé ẹ̀yà aláwọ̀ dúdú rẹlẹ̀. Bí ó bá borí, àwa náà ì bá mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. A lè bọlá fún ẹni tí ó dúró lójú ikú nítorí èyí, kí a sì tún gbàdúrà fún àwọn tí iná náà jó. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀kan pa èkejì rẹ́, kò tí ì ro ọ̀rọ̀ ogun débi tí ó yẹ.

VIII. Iṣẹ́ tí ó kù fún wa

Ní April 1945 ni Ẹgbẹ́ 76 jáde lọ ju bọ́m̀bù fún ìgbà ìkẹyìn. Lẹ́yìn ogun, a fọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ Halifax fún irin wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀nba tí a lè fi ìka ọwọ́ kan kà ni a fi pa mọ́ sí ilé ohun àtijọ́. Irin ti lọ. Orúkọ ni ó kù, nítorí pé àwọn kan fi ọ̀dà kọ ọ́, tí ẹnì kan sì ya àwòrán rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin alàgbà ìjọ, ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa nìyí. Àwọn akọni Jálumi kò sọnù, nítorí pé oríkì gbà wọ́n. Ti Shenbanjo kò sọnù pátápátá, nítorí pé àwọn àjèjì, tí wọn kò mọ ohun tí oríkì jẹ́, ṣe ohun tí ó jọ oríkì fún un. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa, nínú àpótí àwọn bàbá wa tí ó ti lọ, ìwé ìdáàbọ̀ ológun wà, lẹ́tà láti Burma wà, àmì ẹ̀yẹ onídẹ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré wà. Nínú ìwé ìjọ wa ni orúkọ àwọn tí a ṣe ìsìn ìdágbére àti ìsìn ìrántí fún wà, láti Ìbà dé Òkukù, àti ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti kó àwọn ọ̀dọ́ lọ. Ẹ tú wọn wò. Ẹ kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, àti ẹgbẹ́ tí ó bá jagun, àti ọdún tí ó lọ, àti ọdún tí ó padà tàbí tí kò padà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ilé ìwé kan kà á sókè nínú ìjọ ní ọjọ́ ìrántí àwọn tí ó kú sógun.

Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ; ṣùgbọ́n orúkọ tí kò sí ẹni tí ń pè é, bí ó ti wù kí ó dára tó, ń dákẹ́ ni. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà láti ilẹ̀ mìíràn pe orúkọ ọmọ wa kan sókè, wọ́n sì kọ ọ́ sí iwájú ọkọ̀ wọn kí ọ̀tá pàápàá lè kà á. Ó kù sí wa lọ́wọ́ láti pe ti àwọn ìyókù.